Alága Tí Kò Lè Jí Páálí

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí, tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ẹ má tíì pè é ní wèrè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó lè jẹ́ alága àjọ kan.

Alhaji Nasrullah Ìyàndá Ọládòkun ni Alága Àjọ Adáàbòbò Ohun Àtijọ́ nílùú Ẹdẹ. Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ìgbà tí Alága débẹ̀, nítorí pé láti ìgbà náà ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára gbogbo ògiri tó lanu nílùú. Àṣẹ àkọ́kọ́ tó pa ni pé kí wọ́n kan pátákó onírin mọ́ iwájú gbogbo ilé alámọ̀ tó ti pẹ́. Orúkọ ilé á wà lórí pátákó náà ní lẹ́tà tíntìntín, orúkọ Alága á sì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà gbàǹgbà, àwòrán rẹ̀ á wà láàárín, á máa rẹ́rìn-ín bíi pé òun ló po amọ̀ ilé ọ̀hún.

Ní ilé kan, ògiri kò lè gbé pátákó. Ó wó. Alága kó àwọn oníròyìn lẹ́yìn, ó gun orí àwókù náà, ó ní, "Ògiri ti ṣe tirẹ̀. Pátákó ló kù tí yóò gbé ìtàn lọ síwájú." Ó gé rìbọ́ọ̀nù, ó sì tún pátákó kan náà ṣí lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn onílé tí wọ́n sun ìta mọ́jú náà pàtẹ́wọ́. Kí ni wọn ì bá ṣe?

Nínú ọ́fíìsì Alága, kò sí iṣẹ́ tó tóbi tó ti Kẹ́hìndé. Lórí ìwé, Igbákejì Olùṣọ́ Pátákó ni. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti dúró lẹ́yìn Alága kó máa sọ pé "Ó rí bẹ́ẹ̀" níbikíbi tí Alága bá ti mí. Bí Alága bá ní oòrùn mú, Kẹ́hìndé á ní ó rí bẹ́ẹ̀. Bí Alága bá ní oòrùn kan náà kò mú, Kẹ́hìndé á ní ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kan Alága sín, Kẹ́hìndé ní, "Ó rí bẹ́ẹ̀," Alága sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé mò ń ṣe àsọdùn. Mò ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí ẹ rò.

Ọmọ Ilé Ajítafà ni Kẹ́hìndé. Tafàtafà ni àwọn ará ilé yìí láyé àtijọ́. Mùsùlùmí ni wọ́n báyìí, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n sì ń roko lọ́nà Alájue, ṣùgbọ́n bàbá ńlá wọn ṣì wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí pẹ̀lú apó ọfà rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, àti ẹ̀gbà idẹ tó máa ń fi sọ́wọ́ kí ọsán ọrun má baà bó o lára. Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí gbogbo ilé lọ kírun, ẹnìkan wọ yàrá náà, ó hú ilẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Kò já ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i. Ọwọ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Salman, ọmọ ilé náà, ni kọ́kọ́rọ́ sì máa ń wà.

Alága wá bá wọn kẹ́dùn. Kò wọ yàrá, ó ní eruku òkú kò bá èémí òun mu. Àgbàlá ló dúró sí, ó sọ̀rọ̀ títí àwọn adìyẹ fi wọlé sùn.

"Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà," ó wí. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀," Kẹ́hìndé wí.

Lọ́jọ́ kejì Alága bọ́ sórí rédíò. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi kò tẹ yàrá yẹn rí, kò sì ní tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n mi wọ ibẹ̀, ó sì mú olè jáde."

Báyìí ni wọ́n ṣe lé Salman kúrò nílé. Ó lọ sí Ṣẹkọ́nà, ó pa àtíbàbà kan sẹ́bàá títì, ó ń ta gàrí. Hasanat ìyàwó rẹ̀ dúró nílé nítorí àwọn ọmọ, ojú rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀ mọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé Labeebah, àkọ́bí wọn, ti fẹ́ ṣe nikai. Ẹbí ní olè kò lè ṣe walí, ẹni tó ń fi ọmọ fọ́kọ, nínú ilé àwọn, àbúrò bàbá rẹ̀ kan ni yóò dúró fún un. Labeebah ní bí bàbá òun kò bá ní fi òun fọ́kọ, kí wọ́n ká ẹní nikai nílẹ̀. Àwọn ará ọkọ rẹ̀ ní Ìwó gbọ́ pé ọmọ olè ni, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí fíìmù dé.

Olúfúnkẹ́ ló gbé fíìmù dé. Ọmọ tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi kan nílùú Ẹdẹ ni, ó kọ́ iṣẹ́ náà n'Ìbàdàn, ó sì fẹ́ ṣe fíìmù lórí àwọn tó ń hú sàréè àwọn baba ńlá, tí wọ́n ń ta ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fáwọn ará òkè òkun. Wọ́n ní kó lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ Alága.

"Ẹ káàsán, sà," Olúfúnkẹ́ wí, ó kúnlẹ̀.

"Ta lò ń kí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Kí mi tán."

Olúfúnkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kẹ́hìndé ló yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí i létí, òun náà sì tún un sọ.

"Ẹ káàsán, Olùtọ́jú Ìran, Òpó tó gbé Ẹdẹ ró, Ìyàndá."

"Ó ṣe díẹ̀," Alága wí. "Fíìmù nípa olè, nínú ìlú tí mò ń ṣọ́? Ó dùn mí dé egungun."

"Ó rí bẹ́ẹ̀," Kẹ́hìndé wí.

"Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣe mí nínú rẹ̀?"

"Ẹ ò sí nínú rẹ̀, sà."

Fáànù ń yí. Alága wo ọmọbìnrin náà bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti yọ oòrùn kúrò lójú ọ̀run.

"Fíìmù tí mi ò sí nínú rẹ̀," ó wí, "ta ló fẹ́ wò ó?"

Olúfúnkẹ́ gbọ́n. Ó ní Alága ni yóò ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá tó mú àwọn olè nígbẹ̀yìn. Inú Alága dùn, ó gbé ìwé eré lọ sílé. Nígbà tó padà dé, ó ti gbaná jẹ. Ọ̀gá ọlọ́pàá yìí kò sọ̀rọ̀ títí fíìmù fi fẹ́ parí, gbogbo ohun tó sì sọ kò ju "Ẹ kó wọn" lọ. Ṣùgbọ́n olórí olè ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ta ni olè yìí tó ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ?"

"Òun ni fíìmù dá lé lórí, sà."

"Èmi ni kí ẹ dá a lé lórí."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wí o, ẹ̀yin tó ń kàwé yìí. Wọ́n kò tàn án. Wọ́n kò bẹ̀ ẹ́. Alága Àjọ Adáàbòbò Ohun Àtijọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ gba ipò olórí olè nítorí kò lè fara da kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ju òun lọ.

Láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ni kò ti sí àlàáfíà. Alága fi ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìran. Níbi tí àwọn olè ti yẹ kí wọ́n máa yọ́ rìn, ó ní olè ńlá kì í yọ́ rìn, ó máa ń bá òkú sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè ìlú kó tó hú ilẹ̀ rẹ̀. Olúfúnkẹ́ ń fi ọwọ́ ra iwájú orí. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan iṣẹ́ olè gan-an, ọ̀rọ̀ Alága a máa mọ́gbọ́n dání.

"Ta ló ní kí ẹ fi aṣọ wé idẹ?" ó bi wọ́n lọ́jọ́ kan. "Inú àpò gàrí ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kì í tú gàrí. Ó kàn máa ń bù nínú rẹ̀ ni."

"Ó rí bẹ́ẹ̀," Kẹ́hìndé wí.

"Ìdí wo lẹ sì fi ń lọ lóru? Òru ni àwọn èèyàn wà nílé. Ọjọ́ Jímọ̀ lọ́sàn-án ni kí ẹ lọ."

"Báwo lẹ ṣe mọ gbogbo èyí, sà?" Olúfúnkẹ́ béèrè.

"Ìwádìí."

Olúfẹ́mi, òṣèré tó ń ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú fíìmù, mi orí. "Bàbá yìí mọṣẹ́ o. Bí fíìmù bá kùnà, mo mọ ibi tí mo máa lọ kọ́ṣẹ́."

Alága rẹ́rìn-ín. Oríyìn ni lójú tirẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan ẹ̀gbà tí wọn yóò jí. Olúfúnkẹ́ ti gé páálí, ó ti kùn ún, ó ń dán bí idẹ. Alága gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wọ̀n ọ́n wò, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀gbà idẹ ni, sà."

"Páálí ni."

"Bí wọ́n bá wò ó nínú fíìmù, idẹ ni, sà."

"Ẹni bíi tèmi," Alága wí, ó sì na ara rẹ̀ ró, "kò lè jí páálí. Kí ni àwọn ọmọ mi máa sọ? Pé bàbá wọn jalè, páálí ló rí jí? Èmi fúnra mi á mú èyí tó yẹ mí wá."

Kẹ́hìndé wúkọ́. Alága bojú wẹ̀yìn wò ó.

"Ó rí bẹ́ẹ̀," Kẹ́hìndé wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ẹ kì í ṣe ọmọdé, ẹ ti mọ ohun tó wúkọ́ sí. Kẹ́hìndé ló yọ kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó nínú yàrá Salman lọ́jọ́ Jímọ̀ ọjọ́sí, òun àti ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n sì jọ wọlé. Alága ti ta apó ọfà àti ìlẹ̀kẹ̀ fún ọkùnrin kan l'Ékòó. Ẹ̀gbà nìkan ni kò tà. Ó fi sọ́wọ́ lójú dígí lọ́jọ́ kan, ó sì rí i pé ó yẹ òun ju ẹni tí wọ́n sin ín mọ́ lọ.

Wọ́n ya ìran sàréè ní Ilé Ajítafà gan-an. Lẹ́yìn tí olè jà ni ẹbí ti fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu yàrá náà pa. Wọ́n gbà kí wọ́n ṣí i fún fíìmù nítorí Olúfúnkẹ́ ṣèlérí pé òun á rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì. Gbogbo ilé jáde wá wòran. Àwọn obìnrin ilé tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Àwáwù, tó dàgbà jù láàárín wọn, wà lórí àpótí níwájú. Alága dé pẹ̀lú agbòjò ńlá méjì, ọ̀kan fún orí rẹ̀, ọ̀kan fún fìlà tó fẹ́ pààrọ̀.

"Ó yá," Olúfúnkẹ́ wí. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Olúfẹ́mi ló kọ́kọ́ wọlé. Ilẹ̀ yàrá náà jìn ju ìta lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ilẹ̀ níbi tó fojú sí, ó ṣubú gbì bí àpò ẹ̀gẹ́. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òṣèré kejì rántí ilẹ̀, ó gbàgbé òkè, àtẹ́rígbà sì gbá a níwájú orí.

Alága pòṣé. "Ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan àtẹ́rígbà, ó fi ẹsẹ̀ òsì wá ilẹ̀, ó sì kùn sínú pé, "Ará ilé ni, má ta mí." Ló bá fi ẹ̀yìn wọlé wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọ̀bẹ wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Kò pẹ́ tó fi jáde, ẹ̀gbà idẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, èyí dára ju ohun tí mo kọ lọ," Olúfúnkẹ́ wí. "Ṣé ẹ lè tún un ṣe?"

Alága lè tún un ṣe. Ó ṣe é kí wọ́n yà á láti ọ̀tún, ó ṣe é kí wọ́n yà á láti òsì. Ó ṣe é fún gìgísẹ̀ nìkan. Nígbà tí Olúfúnkẹ́ ní ó ti tó, òun ló ní kí àwọn tún un ṣe sí i, bóyá wọn kò rí ẹ̀yìn òun dáadáa.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń wo ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n kọ ojú bàbá ńlá Ilé Ajítafà sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n sin ín, wọ́n sì gbà pé tafàtafà kì í béèrè ọ̀rọ̀ kó tó ta ojú tó bá yọ sí i. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wọ yàrá rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀ ẹ́ kó má ta àwọn. Wọn kì í kọ́ àlejò. Ọmọ ilé lọ́kùnrin á mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá gé oko fún un. Obìnrin tó fẹ́ ọkọ síbẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n títí tí yóò fi bí àkọ́bí rẹ̀. Kó tó bímọ, ẹnu ọ̀nà ni ìgbálẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ.

Olúfúnkẹ́ fẹ́ pa kámẹ́rà. Ìyá Àwáwù gbé ọwọ́ sókè.

"Má pa á, ọmọ mi. Alága, ẹ kú iṣẹ́."

"A dúpẹ́, Màmá. Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Mo rí i. Ọmọ wo lẹ bí fún wa?"

"Ọmọ kẹ̀?"

"Ìyàwó ilé yìí kì í mọ bí wọ́n ṣe ń wọ yàrá yẹn àfi tó bá ti bímọ. Mò ń wá ọmọ tiyín kí n gbé e pọ̀n."

Obìnrin kan pariwo ẹ̀rín lẹ́yìn. Hasanat tí kò gbójú sókè láti ọjọ́ pípẹ́ ló gbójú sókè. "Ìyàwó, ẹ káàbọ̀ o. Ta ni ọkọ yín nínú wọn?"

"Ẹ̀yìn mi ni wọ́n dé," òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni ìyáálé wọn. Ìyàwó, àwo wà nílẹ̀ o, omi sì ti tán nínú ìkòkò."

"Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà," Alága wí. "Ìwádìí ni mo wá ṣe. Mo wọ yàrá yẹn fún ìwádìí."

"Ẹ ní lórí rédíò pé ẹsẹ̀ yín ò tẹ̀ ẹ́ rí," Ìyá Àwáwù wí. "Ìgbà wo lẹ wọ̀ ọ́? Látìgbà tí olè ti jà la ti dí i pa, àná la ṣí i."

"Ṣáájú ìgbà náà ni."

"Ṣáájú kí olè tó jà?"

"Ṣáájú."

"Ẹ wá wádìí olè kí olè tó jà?"

"Olórí rere a máa rí ọ̀nà jíjìn," Alága wí, ó sì yíjú wo Kẹ́hìndé pé kó gbe òun.

Gbogbo ilé náà wo Kẹ́hìndé. Ìyá Àwáwù rọra pè é.

"Kẹ́hìndé, ṣé ìwọ lo kọ́ wọn?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀," Kẹ́hìndé wí.

Ẹ má bínú sí i. Ẹnu tí ọ̀nà kan bá ti mọ́ lára kì í dúró béèrè ibi tó ń lọ.

"Ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́ Salman?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀."

"Pa ẹnu ẹ dé, òmùgọ̀," Alága jágbe mọ́ ọn.

"Ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an," Kẹ́hìndé wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá Àwáwù na ọwọ́ fún ẹ̀gbà. Alága ní àfarawé ni, Òṣogbo ni wọ́n ti rọ ọ́ fún òun. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó fi àtàǹpàkò wá inú ẹ̀gbà náà títí ó fi bá ojú ibi tí ọsán ọrun ti jẹ ẹ́ láyé àwọn tó ti lọ, àtàǹpàkò rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀. Ó gbé e fún Hasanat. Hasanat gbá a mọ́ àyà.

Alága gbìyànjú láti jáde. Àwọn òṣèré tó wọ aṣọ ọlọ́pàá fún fíìmù ló dí i lọ́nà, ó sì sọ fún wọn pé kò sí àṣẹ lọ́wọ́ wọn, òṣèré lásán ni wọ́n. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá gidi dé, ohun kan náà ló tún sọ fún wọn.

"Ìrìn yín ò dáa," ó wí. "Ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tún wọlé. Ta ni nínú yín tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí?"

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, wo Alága, ó wo Kẹ́hìndé.

"Ẹ kó wọn," ó wí.

Wọ́n ní nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ń lọ, Alága ṣì ń béèrè ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí, kó lè mọ ibi tí yóò kọjú sí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn onílé ti tú gbogbo pátákó. Ìlúmọ̀ọ́ká kan tó máa ń pè é ní Òpó Ẹdẹ sọ fún oníròyìn pé òun kò mọ̀ ọ́n rí, pé nínú àwòrán tí àwọn méjèèjì ti dì mọ́ra, atẹ́gùn ló ti òun. Wọ́n rí ọkùnrin Èkó náà mú, wọ́n sì gba apó ọfà padà. Ìlẹ̀kẹ̀ ti kọjá òkun.

Ẹbí lọ sí Ṣẹkọ́nà. Wọ́n bá Salman tó ń bu gàrí fún oníbàárà kan, ó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró nínú oòrùn. Nígbà tó dá wọn lóhùn, Ìyá Àwáwù, tó wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ti ń wá ilẹ̀ tí yóò kúnlẹ̀ sí. Salman sáré gbá a mú.

"Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá," ó wí. "Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn lẹ ti pè mí lólè. Ojú gbogbo ènìyàn lẹ ó ti pè mí padà."

Wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ nikai Labeebah, àwọn ará Ìwó dé ní pípé, ilé kún dé ojú títì. Kí lèmọ́mù tó béèrè ẹni tó jẹ́ walí, alàgbà ẹbí dìde, ó sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ pé Salman kò jalè, pé àwọn ni àwọn purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n wá gbé máìkì fún Salman. Àwọn kan nínú èrò gbé àga sún mọ́ ibòji, nítorí wọ́n mọ ohun tí ọkùnrin tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ lódindi ọdún kan lè ní láti sọ, ìlú náà sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn tó pọ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí.

Salman wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Mo fi í fún un," ó wí, ó sì jókòó.